Ẹsẹ̀ Mi Kò Dé Kílọ́ọ̀ṣì: Bí A Ṣe Ń Tún Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe fún Ẹni Tí Kò Ga

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ohùn Admin, alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ohùn mẹ́jọ ni. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò bá tó láti gbọ́ ọ, kó kà á níbí.

*Ohùn kìíní*

Ẹ̀yin ti Wuse, ẹ̀yin ti Garki, ẹ̀yin ti Nyanya àti Mararaba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kubwa, Dei-Dei, Zuba títí dé Gwagwalada, mo kí gbogbo yín. Admin yín ni o. Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má tíì fi àwòrán òdòdó àti "ẹ sùn ire" ránṣẹ́ títí màá fi parí, kí àwọn ohùn yìí má baà fọ́n káàkiri.

Àǹtí kan nínú wa ló bi mí ní ìbéèrè tó bí ọ̀rọ̀ alẹ́ òní. Wọ́n ní kí n má dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ wọn. Ọkọ wọn tó ti lọ, kí Ọlọ́run bá wa fọ̀run kẹ́ wọn, fi Peugeot 504 sílẹ̀ fún wọn, èyí tẹ́yìn rẹ̀ gùn tí a ń pè ní wágọ́ọ̀nù. Láti ìgbà náà, dẹ́rẹ́bà ló ń bá wọn fi kó èlùbọ́ àti gàrí. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà ṣe rí: owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, owó oúnjẹ lọ́tọ̀, epo tó yẹ kó gbé ọkọ̀ dé ọjà lẹ́ẹ̀mẹta kì í gbé e débẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Àǹtí yìí mọ ọkọ̀ wà. Wọ́n ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ọkọ̀ kékeré ọmọ wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àmọ́ tí wọ́n bá jókòó sínú 504 yẹn, ẹsẹ̀ wọn kò dé kílọ́ọ̀ṣì dáadáa, sítíárì sì dí ojú ọ̀nà mọ́ wọn. Ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 11 ni wọ́n ga mọ.

Àwọn ará ilé ní kí wọ́n tà á, pé ọkọ̀ ọkùnrin ni. Onírin àlòkù kan ti wá wò ó, owó tó sì dá lé e, owó ìwọ̀n irin ni, kì í ṣe owó ọkọ̀. Mẹkáníìkì kan ní kí wọ́n má tà á, pé òun á bá wọn fi rọ́bà so igi mọ́ kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì, ó parí. Wọ́n wá bi mí pé, "Admin, èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?" Mo ní kí wọ́n má ṣe èyí, kí wọ́n má sì ṣe ìyẹn. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe àwọn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá nínú gúrúùpù wa.

*Ohùn kejì*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò lọ yunifásítì. Fóòmù, awọ àti aṣọ ìjókòó ọkọ̀ ni mò ń tà ní Apo, ó ti lé ní ọdún 18. Àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ ni oníbàárà mi, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tí mo fojú rí ni mo ń sọ. Kì í sì í ṣe pé mò ń polówó ọjà mi o. Fóòmù wà ní Kugbo, ó wà ní Zuba, ibi tó bá sún mọ́ yín ni kí ẹ ti rà á.

Kí ló dé tí mo ní kí wọ́n má ta ọkọ̀ yẹn ní ìwọ̀n irin? Ẹ wo ìtàn rẹ̀. Ní 1968 ni àwọn Faransé gbé 504 jáde, nígbà tó di 1969 ó gba oyè ọkọ̀ tó pegedé jù lọ ní Yúróòpù lọ́dún náà. Ní 1975, iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kaduna níbí. Ọdún yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń to Ìjàpá wa. Nígbà tí ìjọba fi máa kó wá sí Abuja ní December 12, 1991, 504 ni ọkọ̀ ọ̀gá, òun náà ni ọkọ̀ akérò. Kaduna ń to ó títí tí a fi kọjá 2000. Ìdí nìyẹn tí ẹ ṣì fi ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà títí dòní, tí mẹkáníìkì tó dàgbà díẹ̀ sì lè dijú tú u.

Ohun kejì tún wà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà lábẹ́ ìjókòó, kò ní airbag nínú sítíárì. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni gbogbo ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi bóòtù dè, a lè tú u, a lè gbé e síwájú, a lè gbé e sókè, a sì tún lè dá a padà. Ẹ ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọkọ̀ ìsinsìnyí tí wáyà kún abẹ́ ìjókòó rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ní kò gba ẹni tó kúrú, òun gan-an ló rọrùn jù láti tún ṣe fún un.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ̀yin ìyá wa. Ní òkè òkun, ọmọláńgidi ni wọ́n máa ń gbé sínú ọkọ̀ tí wọ́n á fi kọlu ògiri, kí wọ́n lè mọ ohun tó máa ṣe ara èèyàn. Èyí tí wọ́n ń lò jù, ara ọkùnrin ni wọ́n wò ṣe é: ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 9, kílò 78. Wọ́n ní ti obìnrin kékeré náà, ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 11 ni, kílò 49. Ṣé ẹ rí i? Gígùn àǹtí wa gẹ́lẹ́ ni. Nítorí náà, kò sí ohun tó ṣe ara yín. Ẹlòmíì ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rán aṣọ náà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Tí ìtẹ́ bá tóbi ju eku lọ, ìtẹ́ la máa tún ṣe.

*Ohùn kẹta*

Ó dáa. Kí ẹ tó fi nǹkan kan kún ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ọjọ́ orí ọkọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí èèyàn bá sọ pé "ẹsẹ̀ mi kò dé e," ìdajì rẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ló gbó. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni fóòmù ìjókòó. Ìjókòó tí ọkùnrin oníkílò 90 ti jókòó lé fún ogún ọdún ti rì. Sípíríǹgì tàbí rọ́bà tó gbé fóòmù ti fà, fóòmù fúnra rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Mo ti rí ìjókòó 504 tí a tú, tí a fi fóòmù tuntun sí, tó ga sókè ní ínǹṣì 2 àbọ̀ láìjẹ́ pé a fi nǹkan kan kún un ju bó ṣe wà nígbà tó jáde ní Kaduna. Ínǹṣì 2 àbọ̀! Ẹni tí kò rí bónẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ á rí i lọ́sàn-án. Ẹ ní kí wọ́n lo fóòmù tó le, èyí tí ẹ bá fi ìkúùkù tẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín kan ìsàlẹ̀. Fóòmù ibùsùn rírọ̀ á tún rì láàárín oṣù mẹ́ta.

Ìkejì ni irin tí ìjókòó ń rìn lórí rẹ̀ síwájú sẹ́yìn. Nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́, ó máa ń há sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ọ̀gá àkọ́kọ́ gbé e sí. Ìpẹtà ti mú un. Nínú ọkọ̀ tiwa oníṣòwò, gàrí àti iyanrìn ti dí ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ìjókòó, kí wọ́n fọ irin yẹn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti epo, kí wọ́n fi gírísì sí i, kí wọ́n sì wò ó bóyá ìkọ́ tó ń dá a dúró ń mú dáadáa. Ìkọ́ tí kò mú léwu gan-an: ẹ tẹ bíréèkì, ìjókòó sá sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.

Ìkẹta ni kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì 504, omi ló ń ti í, bíi ti bíréèkì. Tí omi bá ń jò tàbí afẹ́fẹ́ wọ inú páìpù, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ kí jíà tó wọlé. Ẹni tó ga lè máa fara dà á. Ẹni tó kúrú á ní ẹsẹ̀ òun kò dé e. Tí wọ́n bá yọ afẹ́fẹ́ yẹn tí wọ́n sì pààrọ̀ rọ́bà tó ń jò, kílọ́ọ̀ṣì á máa mú lókè, ẹ ò sì ní máa nà bí ẹni tó fẹ́ ká ọsàn mọ́.

Ẹ ṣe mẹ́ta yìí tán, ẹ padà wá jókòó. Àwọn kan nínú yín ò ní nílò nǹkan míì.

*Ohùn kẹrin*

Ẹni tó bá ṣe gbogbo ìyẹn tí kò tíì tó, ẹ máa bá mi bọ̀. Nǹkan mẹ́ta la fi ń wọn èèyàn mọ́ ọkọ̀: ojú, ẹsẹ̀, àyà. Ojú gbọ́dọ̀ ríran kọjá orí sítíárì. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ pẹ́dà dé òpin. Àyà kò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ sítíárì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí ẹ bá tún ọ̀kan ṣe, ẹ lè ba èkejì jẹ́. Ẹ gbé ìjókòó sókè kí ojú lè ríran, ẹsẹ̀ á jìnnà sí ilẹ̀. Ẹ fa ìjókòó síwájú kí ẹsẹ̀ lè dé pẹ́dà, àyà á sún mọ́ sítíárì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kàn ra tìmùtìmù kan lọ́jà tó jókòó lé e kò fi tíì tún nǹkan kan ṣe.

Ọ̀rọ̀ tìmùtìmù yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba. Ìrọ̀rí orí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ìjókòó ọkọ̀. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, á yọ̀ lábẹ́ yín, ara yín á sì yọ́ gba abẹ́ bẹ́líìtì. Tí ẹ bá fẹ́ ga sí i, kí wọ́n gbé fóòmù náà sínú ìjókòó, kí wọ́n rán awọ bò ó, kó di ara kan náà pẹ̀lú ìjókòó.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, kì í ṣe ìdí. Ìjókòó 504 jìn. Ẹni tí itan rẹ̀ kúrú tó bá fi ẹ̀yìn ti ìjókòó dáadáa, etí ìjókòó á máa gún un lẹ́yìn orúnkún, kò sì ní lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì délẹ̀. Lòun náà á bá sún síwájú, á jókòó sí etí, ẹ̀yìn á wà lófìfo. Kó tó dé Lokoja, ìbàdí á ti máa dùn ún. Ẹ ní kí wọ́n fi fóòmù líle ínǹṣì 2 sí 3 sí ibi tí ẹ̀yìn ń fara tì, kí wọ́n rán an mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka wọ̀n ọ́n: láàárín etí ìjókòó àti ẹ̀yìn orúnkún, ìka 2 tàbí 3 gbọ́dọ̀ lè wọ ibẹ̀.

Tí irin ìjókòó bá ti dé iwájú pátápátá tí kò tíì tó, a lè gbé ìjókòó fúnra rẹ̀ síwájú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa rèé: irin pẹlẹbẹ tó nípọn ni wọ́n á kọ́kọ́ fi bóòtù dè mọ́ ojú ihò tí iléeṣẹ́ lu sílẹ̀, wọ́n á wá lu ihò tuntun sí ara irin náà níwájú, wọ́n á sì de ìjókòó mọ́ ọn. Kí wọ́n má kàn lu ihò sí ilẹ̀ ọkọ̀ lásán. Ilẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ti fẹ́lẹ́, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Tó bá di dandan kí wọ́n lu ú, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ sí abẹ́ náà, kí bóòtù lè rí nǹkan gbá mú. Bóòtù mọ́tò ni o, kì í ṣe bóòtù páànù òrùlé. Ìjókòó yẹn ló máa dá yín dúró lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á kàn jó o mọ́ ilẹ̀ kíákíá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì gbé ọkọ̀ yín lọ.

*Ohùn karùn-ún*

Ẹ gbọ́ ohùn yìí dáadáa, òun ló jẹ mí lógún jù nínú gbogbo wọn. Pẹ́dà.

Igi tí wọ́n fi rọ́bà so mọ́ bíréèkì, ohun tó ń pa èèyàn ni. Rọ́bà tó wà nítòsí ẹ́ńjìnnì á gbó nítorí ooru. Iyanrìn bàtà á jẹ́ kí igi máa yí. Lọ́jọ́ kan, lójú ọ̀nà Nyanya, tírélà á dédé dúró níwájú, ẹ̀ ẹ́ ju ẹsẹ̀ sórí bíréèkì, igi á yí, á já bọ́ sábẹ́ pẹ́dà. Igi tó bá há sábẹ́ bíréèkì, bíréèkì ò lè wọlẹ̀ mọ́. Ẹ̀ ẹ́ máa tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á máa lọ. Ẹrù gàrí ogún àpò sì wà lẹ́yìn. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é: kí wọ́n tú pẹ́dà jáde. Kí wọ́n gé irin pẹlẹbẹ tó ṣe déédéé ojú pẹ́dà, kí wọ́n fi irin ẹsẹ̀ gbé e kúrò lára pẹ́dà àtijọ́ ní iye tí ẹ nílò, kí wọ́n fi bóòtù méjì kọjá láti ojú dé ẹ̀yìn, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í tú fúnra rẹ̀. Kí ojú rẹ̀ ní rọ́bà tó ní ìlà-ìlà, kí bàtà má baà yọ̀ nígbà òjò. Èmi ò kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi ju ínǹṣì 3 lọ. Tó bá ga ju ìyẹn lọ, á máa fì, á sì máa lọ́ apá pẹ́dà. Tí ínǹṣì 3 kò bá tó, ẹ padà sídìí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti ìjókòó, ibẹ̀ ni ìyókù wà.

Tí ẹ bá gbé kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì sókè, ẹ gbé tọ́rọ́tù náà sókè, ṣùgbọ́n kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí bíréèkì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tí tọ́rọ́tù bá ga ju bíréèkì lọ, bàtà kan lè tẹ méjèèjì pọ̀. Ẹ wọ bàtà tẹ́ ẹ máa ń wọ̀ lọ sọ́jà nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ má sì gbàgbé gìgísẹ̀. Tí ìjókòó bá ti ga, tí pẹ́dà sì ti gùn, gìgísẹ̀ yín á máa rọ̀ sí afẹ́fẹ́. Nínú gósílóò ìrọ̀lẹ́, iṣan ẹsẹ̀ á lé, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n lórí kílọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n fi irin ṣe pẹpẹ kékeré sí ibi tí gìgísẹ̀ máa fara tì, kí wọ́n sì fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀. Kí ó má jẹ́ pákó tó ń rìn. Kí kápẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ má lè ká sókè sábẹ́ pẹ́dà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ pẹ́dà kọ̀ọ̀kan dé òpin lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò gbọ́dọ̀ kan ohunkóhun.

*Ohùn kẹfà*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Ìjàpá, mi ò gbàgbé yín. Mo mọ̀ pé ó kù díẹ̀ nínú wa. Ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ orí o: ti ìkẹyìn tí wọ́n ṣe láyé, Mexico ni wọ́n ti ṣe é, ní July 30, 2003.

Pẹ́dà Ìjàpá yàtọ̀. Ti 504 rọ̀ láti òkè, ti Ìjàpá hù láti ilẹ̀. Orí rẹ̀ lókè nìkan la lè gbé nǹkan sí, pẹpẹ gìgísẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dí ìdí rẹ̀. Okùn irin ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kì í ṣe omi; nọ́ọ̀tì kan wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí jíà, tí wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀. Tí kílọ́ọ̀ṣì bá ń mú nísàlẹ̀ jù, ibẹ̀ ni kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wò.

Ìkìlọ̀ méjì fún ọlọ́jọ̀ọ́ Ìjàpá. Ìkíní: iwájú ni táǹkì epo rẹ̀ wà, níwájú orúnkún yín gan-an. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jó irin nítòsí pẹ́dà láìtú pẹ́dà jáde, ẹ sá fún un. Kí ó tú u, kí ó gbé e lọ jìnnà, kí ó jó o níbẹ̀, kí ó gbé e padà wá. Ìkejì: bátìrì rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Tí ìjókòó yẹn bá ti gbó tí sípíríǹgì sì rọ̀, èèyàn wíwúwo tàbí àpò ẹrù lè tẹ irin rẹ̀ kan orí bátìrì, iná á sọ. Kí bátìrì ní ìdérí. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣeré.

Ní ti 504 náà, kí wọ́n yọ wáyà bátìrì kí wọ́n tó jó ohunkóhun. Omi bíréèkì pàápàá máa ń gbiná.

*Ohùn keje*

Wọ́n ti parí iṣẹ́. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó dáa? Ẹ mú tépù ìwọnṣọ lọ́wọ́ télọ̀, ẹ jókòó, ẹ fi ẹ̀yìn ti ìjókòó pátápátá.

Ẹ wọ̀n láti egungun àyà dé àárín sítíárì. Kó tó ínǹṣì 10, ó kéré tán. Nínú ọkọ̀ tó ní airbag, iye tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn kí airbag má baà ṣe èèyàn léṣe. Tiwa kò ní airbag, irin sítíárì náà kò sì ní àánú lójú. Ẹ má jókòó mọ́ ọn bí ẹni tó ń gún iyán.

Ẹ wò ó: ojú yín gbọ́dọ̀ ga ju orí sítíárì lọ ní ínǹṣì 3. Ẹni tó ń yọjú láàárín irin sítíárì kò rí ọmọ tó ń sọdá.

Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì dé ilẹ̀. Orúnkún gbọ́dọ̀ ṣì tẹ̀ díẹ̀. Ìdí ni pé lọ́jọ́ tí omi bíréèkì bá jò, pẹ́dà á wọlẹ̀ ju bó ṣe ń wọlẹ̀ lọ, ẹ sì nílò ẹsẹ̀ tó ṣẹ́kù láti lépa rẹ̀.

Ẹ na ọwọ́: ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè dé orí sítíárì láìjẹ́ pé èjìká yín kúrò lára ìjókòó.

Bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ gba àárín èjìká kọjá, kì í ṣe ọrùn. Tí ìjókòó bá ti ga, ó máa ń bọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi sí abẹ́ apá nítorí pé ó ń há yín lọ́rùn. Kì í ṣe nítorí Road Safety la fi ń dè é.

Ẹ tún dígí ṣètò, torí ojú ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ọwọ́ dé bíréèkì ọwọ́ àti jíà. 504 tí jíà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì ṣe ẹni tó kúrú lóore. Èyí tí jíà rẹ̀ wà nílẹ̀, ìjókòó lè kọjá rẹ̀ tí ẹ bá fà á síwájú jù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ pààrọ̀ sítíárì sí kékeré, irú ti àwọn ọ̀dọ́ asáré. Ọ̀pọ̀ 504 kò ní ohun tó ń mú sítíárì fúyẹ́. Bí sítíárì bá ṣe kéré tó ni yíyí rẹ̀ máa ṣe le tó, pàápàá tí ẹrù bá wà. Èyí tó tóbi yẹn ló ń ràn yín lọ́wọ́.

*Ohùn kẹjọ*

Mo ti fẹ́ parí. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́, ẹ má sọ pé "ẹ bá mi ṣe é kí n lè máa wà á." Ẹ sọ ínǹṣì. "Mo fẹ́ ínǹṣì 2 lẹ́yìn, ínǹṣì 2 àbọ̀ lójú pẹ́dà." Ẹni tó bá mọ iye tó ń béèrè, wọn kì í ṣe àṣejù fún un. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ má rán ọmọ tó ga lọ. Kò sí ẹni tí wọ́n máa ń wọn aṣọ ẹlòmíì mọ́ lára.

Kí ẹ sì tò ó báyìí kí owó má baà ṣòfò: ẹ tún bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì ṣe ná, lẹ́yìn náà irin ìjókòó, lẹ́yìn náà fóòmù, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn, kí ẹ tó wá dé orí pẹ́dà. Lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ jókòó, ẹ wọ̀n ọ́n. Ibi tó bá ti tó, ẹ dúró níbẹ̀. Tí ẹlòmíì tó ga bá tún máa wa ọkọ̀ náà, bóòtù ni ohun gbogbo, wọ́n lè tú u kí wọ́n tó gbéra. Kí wọ́n ṣáà má tú u lójú ọ̀nà.

Tó bá parí, ẹ má kó ẹrù lọ́jọ́ kìíní. Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ gbé e jáde, láàárọ̀ tí ọ̀nà ṣófo, kí ẹnì kan tó mọ ọkọ̀ wà jókòó tì yín. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì mọ̀ ọ́n lára, kí ẹ sì padà lọ fún bóòtù wọ̀nyẹn ní sípánà lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ọkọ̀ á ti mì wọ́n.

Ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ máa ń sọ fún opó pé ọkọ̀ ọkọ rẹ ga jù fún ọ, tà á, ẹ dákun. Ẹ bi í ná bóyá ó fẹ́ wà á. Owó irin àlòkù kì í pẹ́ tán. Ọkọ̀ tó ń kó èlùbọ́ lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, òun ló ń san owó iléèwé. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Àmọ́ màá sọ òdì kejì rẹ̀ náà, torí òótọ́ ni. Tí ilẹ̀ ọkọ̀ náà bá ti jẹrà débi pé kò gba bóòtù mọ́, tàbí ẹ ṣe gbogbo èyí tán tí àyà yín ṣì lẹ̀ mọ́ sítíárì, ẹ tà á. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ọkọ̀ ni, kì í ṣe ẹni tó fi í sílẹ̀ fún yín.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sílẹ̀ títí aago mẹ́wàá. Kó sọ irú ọkọ̀, gígùn ara rẹ̀, àti iye ínǹṣì tó kù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé pẹ́dà. Ẹ̀yin panẹbítà àti mẹkáníìkì tẹ́ ẹ wà nínú gúrúùpù, tí mo bá ṣì í sọ níbì kan, ẹ tọ́ mi sọ́nà ní gbangba, kí gbogbo wa jọ gbọ́. Ìjọba àwòrán òdòdó lè bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ó dàárọ̀ o. Ọlọ́run á ṣọ́ wa lójú ọ̀nà.